Omi Ìṣáwùrú Ti Mọ́, Ó Ku Ojú

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwa ará etí omi tó máa ń ya àlejò lẹ́nu. Bí ìjà bá parí láàárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, tí àgbà ti dá ẹjọ́, tí ẹni tó jẹ̀bi ti bẹ̀bẹ̀, tí wọ́n sì ti jọ bu omi mu, ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n ò tíì tẹ ilé àbúrò, ẹnì kan á mí kanlẹ̀, á ní, "Omi ìṣáwùrú ti mọ́, ó ku ojú." Kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àlejò á máa wo ẹnu rẹ̀ bíi pé ìyókù ṣì ń bọ̀.

Ojú wo ló kù? Ṣé ojú omi ni, àbí ojú ìṣáwùrú fúnra rẹ̀, tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ? Mo ti gbọ́ tí ọkùnrin kan tó ti òkè wá ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ pé ohun tó túmọ̀ sí ni pé kéèyàn yẹ omi wò dáadáa kó tó mu ún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá tó bí ìyá mi ló sọ bó ṣe jẹ́ fún mi, òun náà sì mọ ilé tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Ó ní òun ti jókòó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ rí.

Ebúté Alápò ló ṣẹlẹ̀ sí. Abúlé kékeré ni. Orí òpó ni wọ́n kọ́ ilé ibẹ̀ lé, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ kò ṣeé fọkàn tán. Àwọn ọkùnrin ń dẹ àwọ̀n, àwọn obìnrin ń ṣa ìṣáwùrú, ìgbín kékeré inú omi. Bí omi bá ti fà, tí ẹrẹ̀ yọ síta láàárín gbòǹgbò igi, àwọn obìnrin á ká aṣọ sókè, wọ́n á wọ inú ẹrẹ̀ dé orúnkún, wọ́n á máa fọwọ́ wá ìṣáwùrú kiri, wọ́n á máa jù ú sínú agbọ̀n. Lójú tiwọn, ìyẹn kọ́ ni iṣẹ́. Ìgbà tí wọ́n bá délé ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìṣáwùrú kì í yan oúnjẹ. Ohun tí omi bá gbé wá ló ń jẹ, ìbáà ṣe ẹrẹ̀, ìbáà ṣe ewé tó ti rà, ìbáà ṣe ìdọ̀tí tí wọ́n dà sódò lẹ́yìn ilé. Gbogbo rẹ̀ ló máa ń wà níkùn rẹ̀. Ẹni tó bá mú un lónìí tó sì sè é lónìí, ìdọ̀tí gbogbo ìlú ló ń jẹ yẹn. Nítorí náà ni àwọn àgbà obìnrin Ebúté Alápò ṣe fi ọjọ́ mẹ́ta lélẹ̀. Wọ́n á kó ìṣáwùrú sínú ìkòkò amọ̀ ńlá, wọ́n á lọ pọn omi Odò Yanrìn, tó ń ti inú igbó ṣàn wá, wọ́n á bù ú lé e lórí. Láàárọ̀ wọ́n á da omi náà nù, wọ́n á bu òmíràn. Nírọ̀lẹ́ wọ́n á tún ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn ò ní fún un ní ohunkóhun jẹ, kó lè máa bi ohun tó wà níkùn rẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, omi á dúdú. Lọ́jọ́ kejì, á dà bí omi tí wọ́n fi fọ ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, èèyàn á rí ìdí ìkòkò. Wọ́n á wá máa fi ìka kan ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá pa ìdérí rẹ̀ dé, ó wà láàyè. Èyí tó bá la ẹnu sílẹ̀, ó ti kú, wọ́n á jù ú nù. Lẹ́yìn èyí ni iná, iyọ̀, àti ọjà.

Kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ yìí bí Ìyùnadé, ìyàwó Ẹ̀hìnmọ̀wò apẹja. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ kó tó kú. Ìyá náà a máa sọ fún un pé, "Ọjọ́ ni kí o kà. Má gbẹ́kẹ̀ lé omi. Omi mọ irọ́ pa." Àwọn alájàpá tó ń ti ọjà Òkè-Àgọ́ sọ̀ kalẹ̀ wá á kọjá ẹnu ọ̀nà obìnrin mẹ́fà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ Ìyùnadé, nítorí ilé tirẹ̀ ló kángun sí odò. Òun náà mọ̀ pé òun mọ iṣẹ́. Ó dùn mọ́ ọn kí wọ́n máa sọ ọ́.

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ló ní, Ṣubúọlá lorúkọ rẹ̀. Ilé wọn kọjú síra, afárá pákó kan ló wà láàárín. Ọdún mẹ́sàn-án ni Ṣubúọlá fi wá ọmọ, tí Ìyùnadé ń bá a sun ẹkún náà. Nígbà tó wá bí ọmọbìnrin kan ní ìgbà òjò, gbogbo ebúté yọ̀. Ìyá Ṣubúọlá, arúgbó kan tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Yèyé, wọ ọkọ̀ ojú omi láti abúlé tirẹ̀ wá láti wẹ ọmọ.

Ṣubúọlá gba orí afárá kọjá, ó di ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú.

"Ìwọ ni yóò se ọbẹ̀ ìkómọ," ó ní. "Mi ò fẹ́ ẹran ẹnikẹ́ni. Ìṣáwùrú tìrẹ ni mo fẹ́ kí àwọn èèyàn mi fi jẹ púpúrú."

"Ta ni ì bá tún sè é?" ni Ìyùnadé dá a lóhùn. Ó sì kó ìṣáwùrú ìkòkò kan kalẹ̀ fún un lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọjọ́ mẹ́ta ìkòkò yìí pé ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìkómọ. Ọ̀sán yẹn náà ni alájàpá kan dé láti Òkè-Àgọ́. Ó rí omi inú ìkòkò, ó pàtẹ́wọ́. Ó ní òun ti kọjá ẹnu ọ̀nà gbogbo àwọn yòókù, òun ò rí irú rẹ̀. Ó ní bí Ìyùnadé ò bá ta èyí fún òun, òun á kúkú padà lọ́wọ́ òfo, nítorí òun ò jẹ́ ra ti ẹlòmíràn. Ìyìn yìí wọ Ìyùnadé lára. Ó ní ọbẹ̀ dọ̀la, òun á wá nǹkan ṣe sí i. Ó ta á tán.

Òjò ti kún odò lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kò ṣeé ṣe láti tu ọkọ̀ dé ibi ẹrẹ̀ tó jìnnà, níbi tí omi ti mọ́. Ìyùnadé sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ ilé, ó ṣa ìṣáwùrú láàárín òpó, níbi tí gbogbo ilé ń da ìdọ̀tí sí. Wọ́n pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì sanra. Ó kó wọn sínú ìkòkò, ó ń pààrọ̀ omi. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti pààrọ̀ rẹ̀ nígbà márùn-ún. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó tún pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yìn náà ni omi náà mọ́.

Ẹ̀hìnmọ̀wò ń tún àwọ̀n ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wo ìkòkò, ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Ṣé ọjọ́ wọn ti pé?"

"Wo omi yẹn, Bàbá Fèyí. Kò ha mọ́?"

"Ìyá mi máa ń ní ọjọ́ ni kéèyàn kà."

"Ìyá yín ló kọ́ mi. Àbí ẹ̀yin náà fẹ́ kọ́ mi ni?"

Ọkùnrin náà tẹ orí rẹ̀ ba, ó ń bá àwọ̀n rẹ̀ lọ. Ìyùnadé gbé ìkòkò kaná. Ilẹ̀ ti mọ́ tán, àlejò ti ń dé, ó sì sè é wàràwàrà. Wọ́n sọ ọmọ náà ní Rẹ̀mílẹ́kún. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n jó lórí pákó títí ilé fi ń mì. Yèyé lá àwo rẹ̀ mọ́, ó ní òun ò jẹ irú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí òun ti wà ní wúńdíá. Ìyùnadé fúnra rẹ̀ ò rí àyè jẹun. Ó ń bu fún àwọn èèyàn.

Kó tó di ọjọ́rọ̀ ọjọ́ kejì, èèyàn mọ́kàndínlógún ló ti dùbúlẹ̀. Èébì ni, ìgbẹ́ gbuuru ni, inú ń run wọ́n bíi pé wọ́n ń fi ọ̀bẹ rò ó. Àwọn tó lágbára gbádùn. Ọmọ tuntun ò jẹ nínú rẹ̀, nítorí náà nǹkan kan ò ṣe é. Ṣùgbọ́n Yèyé ti darúgbó, omi ara rẹ̀ tètè tán. Lọ́jọ́ kẹta ó ní kí wọ́n gbé ọmọ náà wá kí òun rí i. Wọ́n gbé e wá, ó fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì kú.

Lẹ́yìn tí wọ́n sìnkú tán, baálẹ̀ pe gbogbo ebúté jọ lórí pákó etí omi. Àgbàlagbà ni, kì í pariwo.

"Ìyùnadé, ọbẹ̀ tí o sè, báwo ni ìṣáwùrú rẹ̀ ti rí?"

"Omi rẹ̀ mọ́ gaara, Bàbá."

"Mi ò bi ọ́ ní ti omi. Ọjọ́ mélòó ló lò nínú ìkòkò?"

Ìyùnadé wo ọkọ rẹ̀. Ẹ̀hìnmọ̀wò ń wo odò.

"Bàbá, mo pààrọ̀ omi náà lẹ́ẹ̀meje. Ẹni tó bá rí i á sọ pé…"

"Ọjọ́ mélòó?"

Gbogbo èèyàn ń gbọ́ bí omi ti ń lu òpó nísàlẹ̀.

"Ọjọ́ kan," ni Ìyùnadé wí. "Kò pé ọjọ́ kan. Mo ta èyí tó pé ọjọ́ mẹ́ta." Ó dojú bolẹ̀ níwájú Ṣubúọlá, ó ń sunkún, ó ń bẹ̀ ẹ́. Ṣubúọlá gbé ọmọ rẹ̀ lé èjìká kejì, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó wọlé lọ.

Baálẹ̀ ò bu owó ìtanràn lé e. Wọn ò lé e nílùú. Baálẹ̀ ní kò mọ̀ọ́mọ̀ pa èèyàn, ó sì ti sọ òótọ́, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Wọ́n sì fi í sílẹ̀ lóòótọ́. Ìyá mi àgbà ní ohun tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ní kó san nǹkan ni, ì bá san án tán lọ́jọ́ kan. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ní kó lọ fún ọdún méjì ni, ì bá lọ, kó sì padà. Wọn ò fún un ní nǹkan kan tó lè ṣe tán.

Ọkọ Ṣubúọlá yọ pákó afárá lọ́jọ́ kejì. Kò bínú yọ ọ́. Ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yọ ọ́, ó kó o sẹ́yìn ilé.

Àwọn èèyàn ń kí Ìyùnadé dáadáa. Wọn ò fi ìkíni dù ú. "Ẹ kú àárọ̀ o," bí ọkọ̀ wọn bá ń kọjá. "Ẹ kú ìjókòó." Ọkọ̀ kan kì í sì í dúró. Bó bá wọ àárín àwọn obìnrin níbi tí wọ́n ti ń ṣa ìṣáwùrú, kò sẹ́ni tó máa lé e, ṣùgbọ́n láìpẹ́ láìjìnnà á rí i pé gbogbo wọn ti sún síwájú, òun nìkan ló kù láàárín gbòǹgbò yẹn. Fèyíṣarà, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ní Òkè-Àgọ́. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń wá bá ìyá rẹ̀ lọ́dọọdún. Wọ́n ní kó má wá mọ́, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ebúté má baà máa fi bú u. Ẹ̀hìnmọ̀wò ń lọ sí àgọ́ àwọn apẹja létí òkun. Lákọ̀ọ́kọ́ ó máa ń padà lóṣooṣù. Nígbà tó yá, ẹja gbígbẹ ló ń fi ránṣẹ́. Nígbà tó tún yá, ẹja náà dáwọ́ dúró, wọ́n sì gbọ́ pé ó ti ní ìyàwó mìíràn níbẹ̀.

Ìyùnadé ò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Ó ń tu ọkọ̀ lọ sí ibi ẹrẹ̀ tó jìnnà jù lọ, lọ́nà Odò Yanrìn, ó ń ṣa ìṣáwùrú, ó ń kó wọn sínú ìkòkò. Ọjọ́ mẹ́ta ò tó o mọ́. Ọjọ́ mẹ́fà ló ń lò, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, òjò ì báà máa rọ̀, ibà ì báà máa ṣe é. Bó bá sè é tán, òun ló ń kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i. Ọjọ́ kejì ló tó ń gbé ìyókù lọ sétí omi, kí wọ́n lè rí i pé òun ṣì wà láàyè. Á tẹ́ ewé sórí agbọ̀n, á jókòó. Kò sẹ́ni tó ń rà. Bí oòrùn bá wọ̀, á gbé agbọ̀n náà padà. Àwọn alájàpá Òkè-Àgọ́ pàápàá kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́; àwọn obìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà ń ta tiwọn fún wọn, wọ́n sì ń sọ pé Ìyùnadé ti fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Nígbà tó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ìṣáwùrú sọ̀rọ̀. Bó bá fi ìka kan ọ̀kan, tí ó sì pa ìdérí rẹ̀ dé, á ní, "O ṣeun." Ó ní ìyẹn nìkan ni ohun tó ń dá òun lóhùn láti àárọ̀ dalẹ́.

Ọdún mẹ́rin kọjá báyìí.

Ní ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn ikú Yèyé, ẹ̀rù ba gbogbo obìnrin ebúté, wọ́n ń ka ọjọ́ mẹ́ta pé bí ẹni ń gbààwẹ̀. Ní ọdún kejì, ẹ̀rù náà dín kù. Ní ọdún kẹta, ọjọ́ méjì ti tó wọn. Ní ọdún kẹrin, àwọn tó ń jẹ ìṣáwùrú wọn ní Òkè-Àgọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í di ikùn mú, àwọn alájàpá sì ń dá agbọ̀n padà. Ọdún náà ni àgbàrá gbé gbogbo àwọ̀n ọkọ Ṣubúọlá lọ. Ṣubúọlá fúnra rẹ̀ wá wọ inú ẹrẹ̀, ó ń ṣa ìṣáwùrú láti fi bọ́ ọmọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbé e lọ sọ́jà, ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbé e padà.

Ìyùnadé ń da omi nù lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tó gbọ́ tí àjẹ̀ kan òpó ilé rẹ̀. Ó yọjú wò. Ṣubúọlá ló jókòó nínú ọkọ̀. Kò gòkè.

"Ẹ kú iṣẹ́," ni Ṣubúọlá wí.

"Ẹ" yẹn gún Ìyùnadé bí ẹ̀gún. Ọjọ́ orí wọn ò ju ara wọn lọ. Wọn ò fi "ẹ" pe ara wọn rí láyé.

"Ẹ ṣé," ni òun náà dáhùn.

"Wọ́n dá ìṣáwùrú mi padà ní Òkè-Àgọ́. Ìyálọ́jà wọn ní ọdún mẹ́wàá làwọn fi jẹ ti obìnrin tó wà ní ilé ìkẹyìn, inú ò run àwọn. Ó ní àfi tó bá jẹ́ tiyín."

"Ṣé wọn ò gbọ́ ni?"

"Wọn ò gbọ́." Ṣubúọlá di òpó ilé mú kí ọkọ̀ rẹ̀ má baà sún lọ. "Ẹ kọ́ mi."

Ìyùnadé gbé ìkòkò ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ṣubúọlá, ní ti Yèyé…"

"Ẹ má dárúkọ rẹ̀. Mi ò wá nítorí ìyẹn. Iṣẹ́ omi ni mo wá kọ́."

Wọ́n jọ tu ọkọ̀ lọ síbi ẹrẹ̀ tó jìnnà. Ọkọ̀ méjì ni, Ṣubúọlá ò wọ ọkọ̀ Ìyùnadé. Wọ́n ṣa ìṣáwùrú títí omi fi ń padà wọlé. Lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìyẹn, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, Ṣubúọlá ń wá láti pààrọ̀ omi. Ìyùnadé á sọ ohun tó yẹ kó ṣe, á ṣe é, á lọ. Lọ́jọ́ kejì ó bi í pé, "Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́fà lẹ ń lò. Ṣé ọjọ́ mẹ́ta ò tó ni?"

"Ó tó. Ọjọ́ mẹ́ta ni ti ìṣáwùrú. Mẹ́ta yòókù, tèmi ni."

Ọjọ́ yẹn, Ṣubúọlá jókòó sórí pákó fún ìgbà díẹ̀ kó tó lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, omi mọ́. Ṣubúọlá fi ìka kan wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ṣa àwọn tó ti kú jù nù. Wọ́n gbé e kaná, wọ́n sè é dáadáa, wọ́n fi iyọ̀ sí i. Ìyùnadé bu díẹ̀ sínú àwo, ó fi ẹ̀gún fa ẹran ọ̀kan yọ, ó jẹ ẹ́. Ó jẹ márùn-ún. Ó wá rọra ti àwo náà síwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ṣubúọlá mú ọ̀kan. Ó fa ẹran rẹ̀ yọ. Ó gbé e dé ẹnu. Ó gbé e dúró níbẹ̀, ó pẹ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Ó dá ẹran náà padà sínú àwo.

"Omi rẹ ti mọ́, Ìyùnadé," ó ní. "Mo rí i. Ọwọ́ ara mi ni mo fi dà á. Ojú mi ló kù."

Ìyùnadé ò bẹ̀ ẹ́. Ó ti bẹ̀bẹ̀ tó lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Ó gbọ́ pé ó ti pe òun ní "ìwọ" padà, ó sì gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú. Ó tẹ́ ewé sórí agbọ̀n, ó gbé e fún un.

"Gbé e lọ sọ́jà. Àwọn tó lè jẹ ẹ́ wà lọ́hùn-ún."

Wọ́n rà á tán ní Òkè-Àgọ́ kí oòrùn tó kanrí. Láti ọjọ́ yẹn, Ṣubúọlá ń wá ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Àwọn obìnrin yòókù rí i, wọ́n ń bi í léèrè lábẹ́lẹ̀: "Ti ìyá yẹn, ṣé ó ti mọ́?" Ó máa ń dá wọn lóhùn pé, "Omi ti mọ́. Ó ku ojú." Wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ náà láti ilé dé ilé. Lọ́kọ̀ọ̀kan ni àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́ iṣẹ́, títí kan ìyá tó bí ìyá mi, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ nígbà náà. Wọ́n á jókòó, wọ́n á wo omi, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á lọ. Ìṣáwùrú Ebúté Alápò padà gba orúkọ lọ́jà. Gbogbo èèyàn mọ ẹni tó fi ọwọ́ tún un ṣe. Síbẹ̀ kò sí ẹni tó jẹun nílé rẹ̀. Ìyá mi àgbà ní bí wọ́n bá dìde tán, tí wọ́n bá bojú wẹ̀yìn, wọ́n á rí i tó jókòó ti àwo kan ṣoṣo, tó ń fi ẹ̀gún fa ẹran yọ.

Ọdún mẹ́rin mìíràn tún kọjá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Ṣubúọlá jókòó lórí pákó Ìyùnadé, ó ń rojọ́ ọmọ rẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún ti di ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó lágídí, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di irun fún òun. "Mo ní kó wá jókòó sí àárín ẹsẹ̀ mi, ó ní orí ń fọ́ òun. Mi ò tíì fọwọ́ kan orí náà o!" Bó ti ń sọ̀rọ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ na sínú àwo tó wà láàárín wọn. Ó fa ẹran ọ̀kan yọ, ó jù ú sẹ́nu, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Bàbá rẹ̀ sì ní kí n fi í sílẹ̀. Kí n fi í sílẹ̀ kó máa rìn kiri bí wèrè?" Ó tún fa òmíràn yọ.

Ìyùnadé rí i. Ó yí ojú rẹ̀ sódò kíá. Ó ń bẹ̀rù pé bí òun bá mí pàápàá, ọwọ́ yẹn á dúró.

Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ọwọ́ náà dúró fúnra rẹ̀. Ṣubúọlá wo ìkarahun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo méjì tó ti ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyùnadé ń wo omi, kò yíjú padà.

Ṣubúọlá fa ẹran náà yọ, ó jẹ ẹ́, ó jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Iyọ̀ rẹ̀ kéré," ó ní.

"Màá fi kún un," ni Ìyùnadé dáhùn.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wa, tí ẹ gbọ́ tí àgbà kan ní, "Omi ìṣáwùrú ti mọ́, ó ku ojú," ẹ má bi í mọ́ pé ojú wo. Ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni omi fi ń mọ́, a sì lè kà á. Ojú kò ní iye ọjọ́, kò sì sí ẹni tó lè bá a fọ̀ ọ́. Ẹni tó ṣẹ̀, kó máa pààrọ̀ omi, kó sì jókòó dè é.